Àpótí Ìdáná Onítáyà: Kí Ó Fẹ̀ Ju Ilẹ̀kùn Lọ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní Òkè Ọya, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan kò tíì san. Ọ̀rọ̀ iná ni. Gbogbo wa la gbọ́ ní ìpàdé tó kọjá pé ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àpótí ìdáná onítáyà kan, èyí tí a ó máa yí lọ síbikíbi tí a bá ti ń ṣe àríyá, kí á lè bọ́ lọ́wọ́ ríru àdògán àti ìkòkò káàkiri bí ìjàpá tó ru ilé rẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán rẹ̀ dé iwájú wa, tí a wò ó lọ tí a wò ó bọ̀, a rí i pé àwọn tó yà á ti ro gbogbo nǹkan tán, àfi iná.

Àpótí náà rẹwà lójú, a kò ní purọ́. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní plywood ni wọ́n fẹ́ fi kàn án, wọn yóò fi fáníìṣì kùn ún kí ó máa dán. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, ó ní dúrọ́ọ̀ méjì, ó tilẹ̀ ní ibi tí a ó ti máa ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ibi ìyanran wà láàárín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé irú ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó ń fi hóró igi ṣe iná. Táyà kéékèèké mẹ́rin bíi ti àga ọ́fíìsì ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, kí ó baà lè gba ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kọjá. A wá ibi tí eérú ń gbà jáde, a kò rí i. A wá ibi tí garawa omi yóò jókòó sí, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dáná fún igba ènìyàn rí kò lè gbàgbé méjèèjì yìí kí ó wá rántí ohun ìṣígò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ẹni tó ni nǹkan ní nǹkan rẹ̀. Ẹ̀rọ ìyanran oníhóró-igi yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Mount Angel, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ni Joe Traeger ti ṣe é ní 1985. Ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1986 pé òun ló ni ọgbọ́n rẹ̀, nígbà tí ìwé àṣẹ náà sì parí ní 2006, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn rọ́ wọ inú òwò náà. Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ nílé ìlagi ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra títí tí yóò fi di hóró tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6. Àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ni hóró yìí ń gbé. Irin lílọ́ kan ń yí lábẹ́ rẹ̀, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ife iná. Irin agbóná kan ń ṣáná sí i. Fáànù ń fẹ́ ẹ. Ohun kan tó ń wọn ooru sì ń sọ fún irin lílọ́ náà ìgbà tí yóò yára àti ìgbà tí yóò rọra. Ẹni tó ni ín lè gbé ooru rẹ̀ sí 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó lọ sùn, kí ó sì jí bá àyà màlúù tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa kan àpótí onítáyà yí ẹ̀rọ yìí ká, kí tábìlì wà lọ́tùn-ún, kí ibi ìkó-nǹkan-sí wà lósì. Níbẹ̀ ni ohun tí a lè kọ́ lára wọn wà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nínú wọn kì í fọwọ́ kan ayùn kí ó tó ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, nítorí inú ìwé náà ni wọ́n kọ àyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín irin gbígbóná àti igi sí. Yóò wo bí ọmọrí ṣe ń ṣí sẹ́yìn, kí ó má baà gbá pákó. Yóò fi ẹnu ihò èéfín sílẹ̀ gbangba. Yóò rí i pé ọwọ́ ń dé àpótí hóró dáadáa, láti bù ú kún àti láti kó o dànù nígbà tí omi bá kàn án. Yóò dá ihò afẹ́fẹ́ sí i nísàlẹ̀, yóò fi ọ̀nà wáyà sílẹ̀, yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún korobá tí ọ̀rá ń kán sí. Bí ó bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, iná lè fà sẹ́yìn gba ojú irin lílọ́ yẹn wọ inú àpótí hóró, kí gbogbo ohun tó kó síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, kí pákó tó fi owó gidi rà sì gbaná mọ́ ọn lójú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ń wọn iná kí wọ́n tó wọn pákó. Àwòrán tiwa wọn ilẹ̀kùn, ó wọn pákó, ó wá wá iná dí àlàfo tó ṣẹ́kù.

Ní ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, a kò rí bí yóò ṣe bá wa gbé. Ohun tó nílò iná mànàmáná kí ó tó lè jó igi kò yẹ ọgbà yìí. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹran wà lórí rẹ̀, fáànù yóò dúró, irin lílọ́ yóò dúró, hóró tó ti gbaná yóò sì máa rú èéfín lọ nínú ife. Ṣé a ó wá máa ti jẹnẹrétọ̀ tẹ̀lé ààrò ni? Hóró igi náà ńkọ́? Bí òjò bá kán sí i, yóò wú, yóò sì padà di lẹ́búlẹ́bú tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èédú ni wọ́n ń tà ní ìkóríta wa, èédú sì ni a ó jó.

Nítorí náà, agbá tí wọ́n là sí méjì ni kí á fi ṣe ibi ìyanran, irú èyí tí ẹ ti rí lọ́dọ̀ àwọn onísúyà àti àwọn tó ń yan ẹja. Agbá lítà 200 ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88, ìbú rẹ̀ sì tó 57 tàbí 58. Bí a bá là á gbọọrọ, ìdajì kan ni ilé èédú, ìdajì kejì ni ọmọrí. Ẹ kíyè sí agbá tí a ó rà o. Èyí tó gbé bẹntiróòlù rí lè bú gbàmù mọ́ jórinjórin lọ́wọ́ bí ó bá fi iná gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́; oru tó kù nínú rẹ̀ léwu ju epo lọ. Agbá tó gbé òróró tí à ń jẹ ni kí á wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi páànù òrùlé dábùú iná kí owó lè ṣẹ́kù. Síńkì ni wọ́n fi bo páànù yẹn, èéfín síńkì tó gbóná gidigidi sì máa ń fa ibà àti òtútù fún àwọn jórinjórin tó bá fà á símú. Àwa kò fẹ́ kí ó rú lu ẹja ẹnì kankan.

Irin ni kí egungun àpótí náà jẹ́ látòkèdélẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi pákó sí i, kí ó jẹ́ tábìlì ẹ̀gbẹ́ nìkan, kí sẹ̀ǹtímítà 40 ó kéré tán sì wà láàárín rẹ̀ àti agbá. Abẹ́ tábìlì yẹn ni ọ̀bẹ, iyọ̀, yájì àti àwo yóò máa gbé. Àpò èédú kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ agbá, bó ti wù kí ibẹ̀ rọrùn tó, nítorí ẹyín iná máa ń jábọ́. Abẹ́ agbá ni kí irin pẹlẹbẹ tó ń gba eérú wà, kí a lè fà á jáde láìgbé agbá kúrò. Garawa omi kan àti garawa yanrìn kan ní ìkọ́ tiwọn, níta, níbi tí ẹni tó sáré dé lè rí i láìbéèrè.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá díẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe àríyá ẹgbẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n wa àti àbúrò wa lóbìnrin ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìlù bá ń dún nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń nu ojú lẹ́yìn ilé. Àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ a wá gba gbohùngbohùn, wọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ìyá wa". Èéfín kì í ṣe ohun tí à ń fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, ẹ̀mí tó tó mílíọ̀nù 3.2 ló bá èéfín ìdáná inú ilé lọ lágbàáyé. Lóòótọ́, ìta gbangba ni àwa ti ń dáná, ṣùgbọ́n ẹni tó dorí kọ ẹnu ààrò fún wákàtí mẹ́jọ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níta. Kí ojú agbá ga tó ìbàdí ẹni tó ń dáná, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90, kí ẹ̀yìn àti ojú lè sinmi. Bí ó bá sì ga tó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà kò ní àwáwí mọ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Àǹfààní táyà gan-an wà níbí, a kò sì gbọ́ kí ẹnì kan mẹ́nu kàn án ní ìpàdé. Lásìkò ọyẹ́, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ilé gíga ọgbà yìí, ó lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan. Ààrò ilẹ̀ kò lè yí tẹ̀lé e. Ènìyàn ló ń sá yí po. Àpótí onítáyà ni a lè yí ojú rẹ̀ kúrò nínú atẹ́gùn, kí èéfín máa lọ níwájú, kí adáná dúró lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìdí yìí nìkan, owó táyà kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n irú táyà wo? Ti àga ọ́fíìsì kò ní kọjá ìbú mẹ́ta nínú yanrìn wa kí ó tó rì. Ẹ lọ wo àwọn mai ruwa tó ń ti omi tà ládùúgbò. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni yóò to kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́wàá sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 250, yóò sì tì í gba inú yanrìn àti kòtò kọjá láìkọsẹ̀. Táyà méjì ńlá ló lò, ẹrù rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ó sì gba orí ọ̀pá táyà kọjá dọ́gba. Ọmọlanke ilé wa náà, irú rẹ̀ ni. Táyà méjì ńlá sí ìsàlẹ̀ ibi tí agbá wà, ẹsẹ̀ irin méjì sí ìhà kejì, ọwọ́ ìdìmú méjì tí a fi ń gbé e: bí a bá gbé e sókè, ó ń yí, bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti fìdí kalẹ̀ nìyẹn. Àwọn baba wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òtítọ́ sì ni, nítorí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń mì lórí ilẹ̀ tí kò dọ́gba. A kò ní kí á ṣe é ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí bí ẹnì kan bá fi ara ti igun rẹ̀ kan, ó lè dojú dé. Kí a fi nọ́ọ̀tì sí ẹsẹ̀ kan nínú méjèèjì kí a lè fà á gùn tàbí kí a dín in kù, ó tán.

Àwọn kan ní kí á gbé ìkòkò ọkà náà sórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ ro àmàlà igba ènìyàn lórí ohun tó ní táyà? Ẹni tó bá ti fi ọmọrogùn ja ìjàkadì rí mọ̀ pé gbogbo ara lèèyàn fi ń ro ó. Kí ìkòkò ọkà wà nílẹ̀ lórí àdògán tirẹ̀, kí ẹran, ẹja, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba orí àpótí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, òun gan-an ló mú wa kọ gbogbo èyí. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí àpótí yìí gba ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wọlé, kí òjò má baà pa á, kí olè má sì gbé e. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lè gba ẹnu ilẹ̀kùn, wọn yóò tì í wọlé, bí kò bá ṣe lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ ni, nígbà tí àwa tí a mọ ìdí ọ̀rọ̀ bá ti gba ìwé ẹ̀rí wa lọ. Ẹ rò ó wò ná: agogo méje alẹ́, òjò ṣú, ẹran kù díẹ̀ kó jinná, èrò ti pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ta ni yóò ní kí wọ́n má tì í wọlé? Àbí kí ó jẹ́ pé àríyá ti tán, ẹyín iná ti fi eérú bojú, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú. Wọ́n tì í sínú yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí ẹni méjì tó ń ṣọ́ ẹrù ẹgbẹ́ sùn sí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí ọyẹ́.

Bí iná bá kú a fi eérú bojú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èédú tó fi eérú bojú kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òkú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó máa tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí yóò fọ́ ẹni, oorun yóò kun ẹni, ẹni tó ti sùn kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun jí. Èédú inú yàrá lásìkò òtútù ti pa ènìyàn ní ilẹ̀ yìí àti ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn àgbà wa tó ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, iná tó ń hàn ni wọ́n ń wò. Èyí kì í hàn.

Ìdí nìyí tí àwa fi ní kí á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àpótí yìí kí ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. A ti wọn ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, sẹ̀ǹtímítà 90 ni. Kí àyè láti ẹ̀yìn táyà kan dé ẹ̀yìn táyà kejì jẹ́ 110, kí táyà wà níta egungun àpótí bíi ti àwọn mai ruwa. Bí táyà bá jìnnà síra, kò ní tètè ṣubú. Kò sì sí ẹni tí yóò lè tì í wọlé, ì báà jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́. A lè lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, a ó sì lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òjò kì í dúró ka ìwé. Irin tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni rántí òfin.

Àwọn tó ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó lábẹ́ ìbòrí tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Dúrọ́ọ̀ ọ̀bẹ àti àwo ni kí ó ṣeé yọ, kí akọ̀wé gbé ìyẹn wọlé tòun ti kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù òjò, ọmọrí agbá wà, ọ̀dà wà. Bí irin bá tilẹ̀ dípẹtà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, idaji agbá mìíràn kò wọ́n.

Owó tí ìgbìmọ̀ ní lọ́wọ́ fún pákó àti fáníìṣì, a rò pé ó lè tó irin, agbá àti táyà bí a bá ju ilẹ̀kùn mẹ́ta náà nù. Kí wọ́n má tíì san owó àsansílẹ̀ fún káfíńtà. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ ìmọ́tótó, a ó fi ẹfun ya àpótí náà sílẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn bó ṣe tóbi gan-an, agbá, tábìlì, táyà àti ibi garawa. A bẹ gbogbo ẹni tó ti dáná fún ẹgbẹ́ yìí rí kí wọ́n wá dúró tì í, kí wọ́n mú ìkòkò, ọ̀bẹ àti àwo wọn dání, kí wọ́n sì sọ ibi tí ọwọ́ wọn kò dé. Ìgbìmọ̀ náà ń bọ̀. A ti sọ fún wọn kí wọ́n mú teèpù ìwọ̀nlẹ̀ wá.